Ọkọ̀ hybrid àti ọkọ̀ oníná: Báwo lẹ ṣe lè mọ̀ bóyá sẹ́ńsọ̀ mọ́tò iná ló bàjẹ́ lóòótọ́?

Iná ìkìlọ̀ tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe, agbára rẹ̀ lọ sílẹ̀, ó sì dúró jẹ́ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Nígbà tí awakọ̀ tún tẹ bọ́tìnnì, ọ̀rọ̀ "READY" tó yẹ kó jáde kò jáde mọ́.

Ẹni tó ń wa ọkọ̀ elépo ti mọ ohun tó máa ṣe: yóò pe mẹkáníìkì àdúgbò. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ náà bá jẹ́ hybrid tàbí ọkọ̀ oníná, àwọn mẹkáníìkì kan kì í fẹ́ fọwọ́ kàn án rárá. Àwọn míì á ní kí ẹ lọ ra odidi jíà, torí pé ohun tí ẹ̀rọ scan sọ nìyẹn.

Ohun tí ẹ̀rọ scan sábà máa ń dárúkọ nínú irú ọ̀ràn yìí ni sẹ́ńsọ̀ kékeré kan tó ń ṣọ́ bí mọ́tò iná ṣe ń yí. Nígbà míì, òun ló bàjẹ́ lóòótọ́. Nígbà míì sì rèé, wáyà tí eku jẹ tàbí omi òjò tó wọ ojú ìsopọ̀ wáyà ló fa gbogbo wàhálà náà.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì kì í ṣe kékeré. Ọ̀kan lè jẹ́ iṣẹ́ wákàtí kan. Èkejì lè gba owó tó máa mú kí ẹni tó ni ọkọ̀ pa á tì sí àgbàlá.

Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan Soweto?

Soweto, tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ ìkékúrú South Western Townships, wà ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn Johannesburg, lórílẹ̀-èdè South Africa. Níbẹ̀, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ àtúnṣe ọkọ̀ kì í wáyé ní gáréèjì ńlá tí wọ́n fi gíláàsì ṣe iwájú rẹ̀. Àgbàlá ilé àti ẹ̀gbẹ́ títì ni àwọn mẹkáníìkì ti ń ṣiṣẹ́.

Irú wọn ló ń tún àwọn bọ́ọ̀sì akérò kéékèèké tí wọ́n ń pè ní taxi ṣe, èyí tó máa ń kún ibùdókọ̀ Bara, nítòsí ilé ìwòsàn Chris Hani Baragwanath. Epo ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn bọ́ọ̀sì náà ṣì ń mu, ọwọ́ àwọn mẹkáníìkì sì ti mọ́ wọn lára.

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ àdáni ti ń yí padà. Láti ọdún 2021 ni Toyota ti ń ṣe Corolla Cross tó jẹ́ hybrid ní ilé iṣẹ́ rẹ̀ tó wà ní Prospecton, ní ìlú Durban. Àwọn ilé iṣẹ́ ilẹ̀ China bíi Haval àti BYD náà ti gbé tiwọn dé.

Naamsa, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ ní South Africa, ní ọkọ̀ hybrid àti ọkọ̀ oníná tí wọ́n tà lọ́dún 2024 lé ní 15,000. Ó tó ìlọ́po méjì iye ọdún tó ṣáájú, hybrid ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ìjọba orílẹ̀-èdè náà gbé ìwé ètò jáde lóṣù Kejìlá ọdún 2023 lórí bí wọ́n ṣe máa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọkọ̀ oníná lábẹ́lé, wọ́n sì ṣòfin ẹ̀dínwó owó orí fún ilé iṣẹ́ tó bá dáwọ́ lé e, láti ọjọ́ Kìíní oṣù Kẹta ọdún 2026.

South Africa kì í gba kí wọ́n kó tokunbọ̀ wọlé wá tà bíi ti Nàìjíríà. Ọkọ̀ tí ẹnì kan rà ní tuntun níbẹ̀ ni yóò di àlòkù lọ́wọ́ ẹlòmíì níbẹ̀ náà. Ọdún mẹ́ta tàbí 100,000 kìlómítà ni wáráńtì Toyota fún ọkọ̀ tuntun níbẹ̀. Èyí túmọ̀ sí pé àwọn tó ra hybrid lọ́dún 2021 ti kọjá ìgbà tí ilé iṣẹ́ á tún un ṣe fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì àdúgbò ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń bọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kan Nàìjíríà pẹ̀lú. Ó ti pẹ́ tí Camry Hybrid, Highlander Hybrid, Prius àti Lexus RX ti ń gba èbúté Èkó wọlé gẹ́gẹ́ bíi tokunbọ̀. Ohun tí mẹkáníìkì Soweto nílò láti mọ̀ ni rewire tó wà ní Ládípọ̀ náà nílò.

Kí ni iṣẹ́ sẹ́ńsọ̀ yìí gan-an?

Àwa Yorùbá máa ń pe ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ní mọ́tò. Níbí yìí, "mọ́tò iná" tí a ń sọ ni ẹ̀rọ tó ń fi iná bátìrì yí ẹsẹ̀ ọkọ̀, tó ń ṣe iṣẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń ṣe nínú ọkọ̀ elépo.

Iná DC ni bátìrì ńlá inú ọkọ̀ ń mú jáde. Inverter, tó jọ èyí tí ọ̀pọ̀ ilé ní Nàìjíríà ń lò nígbà tí NEPA bá mú iná lọ, ló ń sọ ọ́ di iná AC. Wáyà ńlá mẹ́ta ló ń gbé iná náà lọ sínú mọ́tò iná.

Inverter kò kàn lè da iná sínú wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bó ṣe wù ú. Ẹ ronú nípa obìnrin mẹ́ta tó ń gún iyán nínú odó kan ṣoṣo. Bí ọmọ odó ti ẹni àkọ́kọ́ bá ṣe ń gòkè ni ti ẹni kejì ń sọ̀ kalẹ̀, tí ti ẹni kẹta sì ń tẹ̀ lé e. Iyán yóò dán. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ṣìnà díẹ̀, ọmọ odó á kọlu ara wọn, ó sì lè fọ́ ẹnì kan lọ́wọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe ń ṣiṣẹ́. Mágínẹ́ẹ̀tì wà lára irin tó ń yí láàárín mọ́tò iná. Inverter gbọ́dọ̀ mọ ibi tí mágínẹ́ẹ̀tì náà wà ní gbogbo ìgbà, kó lè mọ wáyà tó kàn láti fún níná àti bí iná náà ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó. Sẹ́ńsọ̀ yìí ni ojú rẹ̀. Bí ojú náà bá fọ́, inverter kò ní gbìyànjú láti táràrà nínú òkùnkùn. Yóò dín agbára kù tàbí kó pa gbogbo rẹ̀.

Báwo ni sẹ́ńsọ̀ náà ṣe ń ṣiṣẹ́?

Èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú ọkọ̀ hybrid àti ọkọ̀ oníná ni wọ́n ń pè ní resolver. Ó yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ sẹ́ńsọ̀ ọkọ̀ nítorí pé kò ní ẹ̀yà kọ̀ǹpútà kankan nínú. Irin àti wáyà bàbà lásán ni, ìdí nìyẹn tó fi ń fara da ooru àti ìgbọ̀nrìrì.

Òrùka irin kan wà lórí ọ̀pá tó ń yí. Òrùka náà kò rí roboto dáadáa. Wọ́n ṣe é kó yọ síta ní àwọn ibì kan, kó sì wọlé ní àwọn ibòmíì. Ní àyíká rẹ̀, wọ́n wé wáyà bàbà lọ́nà mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ló ń gba iná AC kékeré láti ọ̀dọ̀ inverter, iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ní nǹkan bí ìgbà 10,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Méjì tó kù ló ń gbọ́ èsì.

Bí òrùka bá ṣe ń yí, àlàfo tó wà láàárín rẹ̀ àti wáyà ń fẹ̀, ó sì ń dín. Èsì tó ń jáde lára wáyà méjèèjì náà á máa pọ̀, á sì máa kéré. Wọ́n to àwọn méjèèjì kó jẹ́ pé nígbà tí ọ̀kan bá wà ní góńgó, èkejì á wà ní òdo. Brain box yóò fi méjèèjì wéra, yóò sì mọ ibi tí mágínẹ́ẹ̀tì wà gan-an.

Nítorí náà, wáyà tín-ínrín mẹ́fà ló ń jáde látara resolver: méjì fún iná tó ń wọlé, méjì fún èsì àkọ́kọ́, méjì fún èsì kejì. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí orí rẹ̀ ni àyẹ̀wò dá lé.

Ọ̀kadà oníná àti kẹ̀kẹ́ oníná sábà máa ń lo irú sẹ́ńsọ̀ míì tí wọ́n ń pè ní Hall sensor. Èyí rọrùn láti yẹ̀ wò: ẹ fún un ní iná kékeré tó ń lò, tó sábà máa ń jẹ́ 5 volt, kí ẹ sì fi ọwọ́ yí táyà díẹ̀díẹ̀. Wáyà èsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ máa tàn kí wọ́n sì máa kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá dúró sójú kan láìyí padà ni kí ẹ fura sí.

Kí ni kóòdù ń sọ, kí sì ni kò sọ?

Nígbà tí mẹkáníìkì bá so ẹ̀rọ scan mọ́ ọkọ̀, ó lè rí kóòdù bíi P0A3F, P0A40 tàbí P0A41. Gbogbo wọn dá lórí sẹ́ńsọ̀ tó ń ṣọ́ mọ́tò iná tó ń wa ọkọ̀. P0A4B ní tiẹ̀ ń sọ̀rọ̀ nípa sẹ́ńsọ̀ mọ́tò iná kejì tó ń ṣiṣẹ́ bíi jẹnẹrétọ̀ nínú hybrid bíi ti Toyota.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣì gbọ́ nìyí: kóòdù kò sọ pé sẹ́ńsọ̀ ti kú. Ohun tó ń sọ ni pé èsì tí brain box ń retí láti ojú ọ̀nà yẹn kò wọlé bó ṣe yẹ. Ojú ọ̀nà náà bẹ̀rẹ̀ láti inú inverter, ó gba orí wáyà àti ibi tí wáyà ti so pọ̀, kó tó dé sẹ́ńsọ̀. Ibikíbi lójú ọ̀nà yìí ló lè ti bàjẹ́.

Ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì ni pé nínú ọ̀pọ̀ hybrid, inú jíà ni resolver wà. Ilé iṣẹ́ lè má tà á lọ́tọ̀. Bí ẹnì kan bá sọ pé resolver ti kú, ohun tó ń sọ ni pé kí ẹ ra odidi jíà. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ láìyẹ wáyà wò ń fi owó yín ta tẹ́tẹ́ ni.

Kí ẹnikẹ́ni tó ṣí i: iná inú ọkọ̀ yìí lè pa ènìyàn

Iná ilé ní South Africa àti Nàìjíríà jẹ́ bíi 230 volt. Nínú Prius ìran kejì, bátìrì ńlá náà jẹ́ 201.6 volt, inverter sì lè gbé e dé 500 volt. Ọkọ̀ oníná tuntun míì jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Wáyà ńlá tó ní àwọ̀ ọsàn ni ẹ máa fi dá iná yìí mọ̀. Wáyà tín-ínrín mẹ́fà ti resolver kò ní iná tó lè pa ènìyàn nínú, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ àwọn wáyà aláwọ̀ ọsàn ni wọ́n sábà máa ń wà. Nítorí náà:

• Ẹ pa ọkọ̀, kí ẹ sì gbé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ jìnnà, kó má baà ṣèèṣì tàn. Ẹ yọ ẹsẹ̀ bátìrì kékeré 12 volt.

• Ẹ wọ ibọ̀wọ́ rọ́bà tí wọ́n ṣe fún iná tó tó 1,000 volt. Kí ẹ tó wọ̀ ọ́, ẹ ká a láti ẹnu rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè há sínú àwọn ìka. Bí afẹ́fẹ́ bá ń jò, ẹ má lò ó.

• Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì tó ń já iná bátìrì ńlá, kí ẹ sì fi sínú àpò yín títí iṣẹ́ fi máa parí.

• Ẹ dúró. Toyota ní kí wọ́n dúró fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 10 lára Prius, nítorí iná ṣì máa ń wà nínú inverter lẹ́yìn tí wọ́n bá ti já a.

• Ẹ fi mítà tí wọ́n ṣe fún iná gíga wọn ojú inverter láti rí i dájú pé iná ti tán.

Mẹkáníìkì tí kò bá ní ibọ̀wọ́ àti mítà yìí kò gbọ́dọ̀ ṣí i. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgboyà.

Ìgbésẹ̀ àyẹ̀wò, láti èyí tó rọrùn jù

Yorùbá ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Àyẹ̀wò tó dára máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kò ná ènìyàn ní nǹkan kan.

1. Ẹ béèrè ìtàn ọkọ̀ náà. Ṣé òjò ńlá rọ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀? Láti oṣù Kẹwàá sí oṣù Kẹta ni òjò àti àrá máa ń pọ̀ ní Johannesburg àti Soweto. Ṣé ọkọ̀ náà kọlu nǹkan rí? Ṣé ẹnì kan ti ṣiṣẹ́ lórí jíà tàbí inverter láìpẹ́? Ṣé ó dúró sójú kan fún oṣù bíi mélòó kan, tí eku lè ti wọ̀ ọ́?

2. Ẹ wọn bátìrì 12 volt. Bátìrì kékeré yìí ló ń fún gbogbo brain box níná. Bí ó bá ti rẹ̀, tó lọ sílẹ̀ gidigidi, kóòdù tí kò ní ìtumọ̀ lè kún inú ẹ̀rọ scan. Òtútù òru ní ìgbà òtútù Soweto sì máa ń fi àìlera bátìrì tó ti gbó hàn. Ẹ tún un ṣe ná, kí ẹ tó gba kóòdù kankan gbọ́.

3. Ẹ ka kóòdù láti inú gbogbo brain box, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ má kọ́kọ́ pa á rẹ́. Nígbà tí àìsàn náà ṣẹlẹ̀, ọkọ̀ ti fi àkọsílẹ̀ pamọ́ nípa bó ṣe ń sáré tó, bí ooru ṣe pọ̀ tó àti bí iná bátìrì ṣe wà. Bí ẹ bá pa kóòdù rẹ́, ẹ ti pa ẹ̀rí rẹ́. Toyota tún ní nọ́ńbà kékeré kan lẹ́yìn kóòdù tó ń tọ́ka sí ibi tí ìṣòro náà wà ní pàtó. Ẹ̀rọ scan tó kéré jù kì í lè kà á.

4. Ẹ wò ó bóyá ẹyọ kan ni tàbí méjì. Hybrid bíi Prius ní mọ́tò iná méjì, ìkọ̀ọ̀kan wọn sì ní resolver tirẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo ló ń ké, ẹ wo wáyà àti sẹ́ńsọ̀ ọ̀nà yẹn. Bí méjèèjì bá jọ bẹ̀rẹ̀ sí í ké lẹ́ẹ̀kan náà, kò dà bíi pé sẹ́ńsọ̀ méjì jọ kú lọ́jọ́ kan. Ẹ wo ohun tó pa wọ́n pọ̀: ibi tí gbogbo wáyà ti so pọ̀, tàbí brain box tó wà nínú inverter.

5. Ẹ fi ojú wò ó. Ẹ já ibi tí wáyà ti so pọ̀, kí ẹ sì wo inú rẹ̀ pẹ̀lú iná tọ́ọ̀ṣì. Ṣé omi wà níbẹ̀? Ṣé ó ti dá ìpẹtà aláwọ̀ ewé? Ṣé pín-ín-nì kan ti wọlé tàbí ti tẹ̀? Ẹ tọ wáyà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹ wo ibi tí irin ti ń ha á àti ibi tí eyín eku ti kàn án.

6. Ẹ fi mítà wọn wáyà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní méjì-méjì, láti ojú ìsopọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ inverter. Nínú Prius ìran kejì, bíi ohm 8 sí 10 ló yẹ kí ẹ rí lórí wáyà tó ń gba iná wọlé, àti bíi ohm 13 sí 17 lórí ìkọ̀ọ̀kan àwọn wáyà èsì. Ọkọ̀ míì ní iye tirẹ̀, ìwé àtúnṣe ọkọ̀ náà sì ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó wúlò fún ọ̀pọ̀ jù lọ: iye tí wáyà èsì méjèèjì ń mú wá gbọ́dọ̀ súnmọ́ ara wọn. Bí mítà kò bá rí nǹkan kan rárá, wáyà ti já. Bí ó bá súnmọ́ òdo, wáyà méjì ti fara kanra.

7. Bí iye náà kò bá tọ́, ẹ lọ wọn ọ́n lẹ́nu sẹ́ńsọ̀ gan-an. Ìgbésẹ̀ yìí ló ń gba owó sílẹ̀ jù. Bí iye bá burú láti ọ̀dọ̀ inverter ṣùgbọ́n tó tọ́ lẹ́nu jíà, a jẹ́ pé wáyà tó wà láàárín ló bàjẹ́. Kò sí ìdí láti ra jíà.

8. Ẹ wò ó bóyá iná ń jò sí ara ọkọ̀. Ẹ gbé ẹsẹ̀ mítà kan sí wáyà resolver, kí ẹ gbé èkejì sí irin ara ọkọ̀. Iye tí ẹ máa rí gbọ́dọ̀ ga gan-an, ní megaohm. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn wáyà méjì-méjì náà pẹ̀lú. Bí ó bá lọ sílẹ̀, ẹ fura sí omi tàbí wáyà tó ti bó.

9. Ẹ mi wáyà náà nígbà tí ẹ bá ń wọn ọ́n. Àìsàn tó ń wá tó ń lọ ló ń yọ mẹkáníìkì lẹ́nu jù. Bí nọ́ńbà ojú mítà bá ń fò sókè sódò nígbà tí ẹ mi wáyà, ẹ ti rí i. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ gún ara wáyà láti wọn ọ́n o, torí ojú abẹ́rẹ́ náà ni omi yóò gbà wọlé lọ́jọ́ iwájú.

Tí mítà bá sọ pé gbogbo rẹ̀ dára ńkọ́?

Mítà kò lè rí ohun gbogbo. Oscilloscope, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán iná sójú gíláàsì, ló lè fi hàn bóyá resolver ń sọ̀rọ̀ bó ṣe yẹ. Fún èyí, iná ọkọ̀ gbọ́dọ̀ wà ní títàn, nítorí náà, ẹni tó kọ́ iṣẹ́ náà nìkan ló yẹ kó ṣe é.

Àkọ́kọ́, ṣé iná kékeré náà ń jáde láti inú inverter? Bí kò bá sí nǹkan kan lójú oscilloscope, tí wáyà sì dára, inverter tàbí brain box inú rẹ̀ ló ní àrùn. Ẹ lè pààrọ̀ jíà lẹ́ẹ̀mẹta, kò ní yí padà.

Bí iná bá ń jáde, ẹ wo èsì méjèèjì nígbà tí mọ́tò iná bá rọra yí. Wọ́n gbọ́dọ̀ máa fẹ̀ kí wọ́n sì máa dín bí ìgbì omi, ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, kí góńgó wọn sì dọ́gba. Bí ọ̀kan bá kéré ju èkejì lọ tàbí tó ní páńpẹ́ kan ní ojú kan náà ní gbogbo ìyípo, ẹ ti rí ẹ̀rí tó ṣe é gbà lòdì sí resolver fúnra rẹ̀.

Bí àwòrán náà bá rí wúruwùru, ẹ wo ìbora irin tó yí wáyà náà ká. Wọ́n lọ́ wáyà resolver pọ̀ ní méjì-méjì, wọ́n sì fi ìbora yìí dáàbò bò ó kúrò lọ́wọ́ ariwo iná ńlá tó wà nítòsí. Rewire tó gé e, tó fi wáyà lásán dí i, tó sì wé e ní téèpù, lè ti dá àìsàn tuntun sílẹ̀. Bí ẹ bá máa tún un ṣe, ẹ lọ́ ọ pọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, kí ẹ sì dá ìbora rẹ̀ padà.

Lẹ́yìn àtúnṣe, iṣẹ́ kò tíì parí

Bí wọ́n bá pààrọ̀ mọ́tò iná, jíà tàbí inverter, àwọn ọkọ̀ kan nílò kí wọ́n kọ́ brain box ní ibi tí òdo sẹ́ńsọ̀ tuntun wà. Honda, Hyundai àti Kia wà lára àwọn tó ní irú ètò bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ scan tó mọ irú ọkọ̀ náà ni wọ́n fi ń ṣe é.

Bí wọn kò bá ṣe é, ọkọ̀ lè máa gbọ̀n, kó má ní agbára, tàbí kó tún mú kóòdù kan náà jáde. Ẹni tó ni ọkọ̀ á rò pé ayédèrú ni wọ́n tà fún òun.

Ṣé wọ́n lè fi okùn wọ́ ọkọ̀ náà délé?

Rárá. Ìwà tó wọ́pọ̀ ní Soweto àti ní Èkó ni kí wọ́n fi okùn so ọkọ̀ tó bàjẹ́ mọ́ òmíì. Ṣùgbọ́n mágínẹ́ẹ̀tì wà nínú mọ́tò iná. Bí táyà tó so mọ́ ọn bá ń yí nílẹ̀, ó lè di jẹnẹrétọ̀, kó máa mú iná jáde nígbà tí ẹnikẹ́ni kò retí rẹ̀. Èyí lè ba inverter jẹ́, ó sì lè dáná sun ọkọ̀.

Ọkọ̀ akẹ́rù tó ní pèpéle ni kí wọ́n gbé e lé. Bí kò bá sí, ó kéré tán, kí wọ́n gbé táyà tí mọ́tò iná ń yí kúrò nílẹ̀.

Kí ni ẹ̀tọ́ yín ní South Africa?

Ní ọjọ́ Kìíní oṣù Keje ọdún 2021, ìlànà tí àjọ Competition Commission ṣe fún iṣẹ́ àtúnṣe ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó sọ pé ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ wáráńtì lè gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì tó bá wù ú, ilé iṣẹ́ kò sì gbọ́dọ̀ fagi lé wáráńtì náà kìkì nítorí ìyẹn.

Ìlànà náà tún ní kí àwọn ilé iṣẹ́ jẹ́ kí mẹkáníìkì aládàáni rí ìwé àtúnṣe àti ẹ̀kọ́ iṣẹ́ gbà, lábẹ́ àdéhùn tó bójú mu. Fún mẹkáníìkì Soweto tó fẹ́ mọ iye ohm tó yẹ kó wà lórí resolver ọkọ̀ kan, ibi tí yóò gbà nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ó ní ojú kejì. Bí iṣẹ́ mẹkáníìkì náà bá ba nǹkan jẹ́, ilé iṣẹ́ lè kọ̀ láti tún ibi tó bàjẹ́ yẹn ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Mẹkáníìkì sì gbọ́dọ̀ sọ fún oníbàárà bóyá òun ní ìbánigbófò tó máa sanwó bí nǹkan bá bàjẹ́.

Ìbéèrè márùn-ún tó yẹ kí ẹ bi mẹkáníìkì kí ẹ tó sanwó

• Kóòdù wo lẹ rí, ṣé ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó pa á rẹ́?

• Volt mélòó ni bátìrì kékeré wà?

• Ohm mélòó lẹ rí lẹ́nu inverter, mélòó lẹ sì rí lẹ́nu sẹ́ńsọ̀?

• Kí lẹ rí nígbà tí ẹ ṣí ibi tí wáyà ti so pọ̀?

• Bí ẹ bá pààrọ̀ rẹ̀, ṣé ẹ ní ẹ̀rọ tí ẹ máa fi kọ́ brain box ní ibi tí òdo rẹ̀ wà?

Mẹkáníìkì tó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ yóò ní èsì sí gbogbo rẹ̀, yóò sì fi nọ́ńbà dá yín lóhùn. Ẹni tí èsì rẹ̀ kò ju "kọ̀ǹpútà ló sọ bẹ́ẹ̀" lọ kò tíì yẹ ọkọ̀ yín wò, ẹ má sì tíì fún un lówó jíà.